Doctor Who: Tí ìtàn bá tako ara rẹ̀, ta ni yóò dájọ́ nídìí tábìlì eré?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ìròyìn kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mú kí àwọn olólùfẹ́ eré tẹlifíṣàn Doctor Who káàkiri àgbáyé máa wá ìlú Jos lórí máàpù.

Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ní Jos, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ni wọ́n ti rí àwọn fíìmù àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Apá mẹ́sàn-án eré náà tí BBC ti pàdánù fún ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú wọn. Ìtàn méjì ni wọ́n jẹ́, The Enemy of the World àti The Web of Fear, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàfihàn wọn láàrin ìparí ọdún 1967 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968.

Inú àwọn olólùfẹ́ eré náà dùn, ó sì yẹ kó dùn. Inú The Web of Fear ni ọ̀gágun Lethbridge-Stewart ti kọ́kọ́ yọjú, ọkùnrin tó padà di olórí UNIT, ikọ̀ ológun tó ń gbógun ti àwọn ẹ̀dá àjèjì láti òde ayé.

Àmọ́ inú ìtàn kan náà tí wọ́n rí ní Jos yìí ni ọ̀kan lára àwọn àríyànjiyàn tó pẹ́ jù lórí Doctor Who ti bẹ̀rẹ̀: ọdún wo gan-an ni nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀?

Ọdún tí kò bára mu

Nínú The Web of Fear, wọ́n ní ó ti lé ní ogójì ọdún tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Travers ti bá Dókítà pàdé ní Tibet ní ọdún 1935. Ìyẹn ni pé nǹkan bíi ọdún 1975 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni ìtàn náà ń ṣẹlẹ̀. Nínú The Invasion, tó jáde ní ọdún 1968 bákan náà, ọ̀gágun yìí ní ọdún mẹ́rin ti kọjá láti ìgbà náà. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó ti di nǹkan bíi ọdún 1979 nìyẹn.

Ní ọdún 1975, nínú Pyramids of Mars, Sarah Jane Smith, ọ̀rẹ́ Dókítà, sọ pé láti ọdún 1980 ni òun ti wá. Títí dé ibẹ̀, ìṣirò náà ṣì dúró.

Ní ọdún 1983 ni Mawdryn Undead wá da gbogbo rẹ̀ rú. Ó fi ọ̀gágun kan náà hàn ní ọdún 1977, ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní ọdún tó ṣáájú, ó sì ti di olùkọ́ nílé ìwé.

Báwo ni ẹni tó fẹ̀yìntì ní ọdún 1976 ṣe lè máa darí ikọ̀ ológun ní ọdún 1979? Kò sí ìdáhùn tó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Nígbà tó di ọdún 2008, àwọn tó ń kọ eré náà fi ṣe àwàdà. Nínú The Sontaran Stratagem, Dókítà fúnra rẹ̀ kò lè sọ bóyá láàrin ọdún 1970 sí 1979 ni òun bá UNIT ṣiṣẹ́, tàbí láàrin ọdún 1980 sí 1989.

Fún ẹni tó kàn jókòó wo tẹlifíṣàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni èyí. Ibi tó ti ń di ìjà ni ìdí tábìlì, láàrin àwọn tó fẹ́ fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe eré tiwọn.

Irú eré wo ni?

Roleplay ni wọ́n ń pè é. Ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́fà máa jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí eré. Òun ló múra ìtàn sílẹ̀, òun ló ń sọ ohun tó wà níwájú àwọn yòókù, òun náà ló ń fọhùn fún àwọn ọ̀tá àti àwọn aládùúgbò. Àwọn yòókù, kálukú wọn, á gbé ènìyàn kan wọ̀, wọ́n á sì sọ ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe. Tí ọ̀rọ̀ bá di bóyá yóò ṣeé ṣe tàbí kò ní ṣeé ṣe, wọ́n á ju dáìsì.

Kò sí ẹni tó mọ bí ìtàn náà yóò ṣe parí, títí kan olùdarí eré. Ohun tó ń mú un dùn nìyẹn.

Ó ti pẹ́ tí Doctor Who ti wọ inú irú eré yìí. Ilé iṣẹ́ FASA ní Amẹ́ríkà gbé ìwé eré rẹ̀ jáde ní ọdún 1985. Time Lord tẹ̀ lé e ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1991. Cubicle 7 gbé tirẹ̀ jáde ní ọdún 2009, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2021.

Ìwé kọ̀ọ̀kan nínú wọn ló bá ìṣòro kan náà pàdé. Tí olùdarí eré bá sọ pé, "Ọdún 1977 la wà, ọ̀gágun Lethbridge-Stewart sì pè yín sí ọ́fíìsì rẹ̀," ẹnì kan nídìí tábìlì lè na ọwọ́ sókè pé, "Rárá o, ọ̀gágun ti fẹ̀yìntì nígbà yẹn." Eré dúró. Ẹni tó mọ ìtàn jù bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ẹni tó rí apá mẹ́ta péré nínú eré náà rọra gbé fóònù rẹ̀, ó ń rò ó pé bóyá ibí yìí kì í ṣe ààyè òun.

Ewu tó wà níbẹ̀ gan-an nìyí. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ọdún tí ọ̀gágun fẹ̀yìntì. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó sídìí tábìlì, ta ló sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ torí pé kò tíì wo eré tó? Ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn irú eré yìí ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n rí i, apá kan lónìí, apá mìíràn lẹ́yìn ọdún méjì, láì tẹ̀ lé bó ṣe jáde. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó wo gbogbo rẹ̀ nìkan ló lè sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn níta.

Ìdáhùn tó yẹ kò ṣòro. Àwọn tó jókòó sídìí tábìlì ni onídàájọ́. Kí wọ́n pinnu kí eré tó bẹ̀rẹ̀, lórí ohun tí eré tọjọ́ náà yóò fọwọ́ kàn nìkan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Kò sí ẹni tó rí gbogbo rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí onímọ̀ púpọ̀ rántí ni pé kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó lè wo gbogbo Doctor Who lónìí. Ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963 ni eré náà bẹ̀rẹ̀. BBC pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn téèpù rẹ̀ rẹ́ láti fi gba nǹkan mìíràn sílẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún fẹ́ wò ó. Ohun tó lé ní 90 apá ni kò tíì sí ẹni tó rí. The Web of Fear tí wọ́n rí ní Jos pàápàá, apá kẹta rẹ̀ ṣì sọnù.

Ìkejì ni pé BBC kò fìgbà kan ṣe ìwé òfin tó sọ pé èyí ló jẹ́ òótọ́ nínú ìtàn Doctor Who, èyí sì jẹ́ irọ́. Òǹkọ̀wé tó bá dé a máa mú èyí tó wúlò fún un.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ara. Ní ọdún 1976, The Deadly Assassin sọ pé ìgbà méjìlá péré ni ẹ̀yà Dókítà, àwọn Time Lord, lè pààrọ̀ ara. Ní ọdún kan náà, The Brain of Morbius ti fi ojú àwọn kan hàn tó dà bíi pé Dókítà ti lò wọ́n ṣáájú èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí àkọ́kọ́. Nígbà tí iye náà pé ní ọdún 2013, wọ́n fún Dókítà ní òmíràn nínú The Time of the Doctor. Ní ọdún 2020, The Timeless Children wá sọ pé Dókítà ti gbé ọ̀pọ̀ ìgbésí ayé tí kò rántí. Òfin méjìlá wó lulẹ̀, síbẹ̀ eré ń lọ.

Àwọn kan á ní ibi tí onílé bá ti sọ̀rọ̀, àríyànjiyàn parí. Star Wars fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, Lucasfilm kéde pé àwọn ìwé ìtàn tí wọ́n ti ń tẹ̀ jáde láti ọ̀pọ̀ ọdún kò sí lára ìtàn gidi mọ́, wọ́n sì fún wọn ní orúkọ tuntun, Legends. Ohun tó jẹ́ òótọ́ lánàá di àlọ́ lónìí, láì sí pé lẹ́tà kan yí padà nínú ìwé wọ̀nyẹn.

Nínú Star Wars yìí kan náà, ìwé eré roleplay tí West End Games gbé jáde ní ọdún 1987 di ohun èlò fún àwọn òǹkọ̀wé. Nígbà tí Timothy Zahn fẹ́ kọ Heir to the Empire, tó jáde ní ọdún 1991, àwọn ìwé West End Games ni Lucasfilm fi ránṣẹ́ sí i kó máa tọ́ka sí. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀dá fún ìdí tábìlì ló gòkè di ìtàn. Kò wá yẹ kí ẹni tó wà nídìí tábìlì máa ṣe bí ọmọ ọ̀dọ̀ níwájú ìtàn.

Ọ̀nà mẹ́rin

Tí ìtàn bá tako ara rẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ló wà fún olùdarí eré. Ọ̀nà kan kò dára ju èkejì lọ ní gbogbo ìgbà, àmọ́ kálukú ní ibi tó ti wúlò.

Àkọ́kọ́ ni kó fi í sílẹ̀. Tí UNIT bá wà nínú ìtàn yín, tí kò sì sí ohun tó gba pé kí ẹ dárúkọ ọdún, ẹ má dárúkọ rẹ̀. Ẹ ní àsìkò òjò ni, ẹ ní ọjọ́ Ajé ni. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ló máa ń kú tí a kò bá fún un lóúnjẹ.

Ìkejì ni kó mú ọ̀kan. Dókítà lè pààrọ̀ ara nígbà méjìlá péré, tàbí kò ní òǹkà. Tí ẹnì kan bá ń ṣe Time Lord nínú eré yín, ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, torí pé bí ẹni náà yóò ṣe máa fẹ̀mí wéwu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ara ìkẹyìn ló kù fún òun kò ní sáré wọnú iná bí ẹni tí tirẹ̀ kò lópin.

Ìkẹta ni kó wá àlàyé. Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ fẹ́ràn jù, ibẹ̀ náà ni àṣejù pọ̀ sí. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni iwájú orí àwọn Klingon nínú Star Trek. Láti ọdún 1966 sí 1969, iwájú orí wọn dán bíi ti ènìyàn. Nígbà tí fíìmù àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1979, ó ti di gbágungbàgun. Owó ìṣaralóge ló pọ̀ sí i, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1983, FASA gbé ìwé kan jáde lórí àwọn Klingon fún eré roleplay Star Trek tiwọn, wọ́n sì fi ẹ̀jẹ̀ àdàlù ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Ní ọdún 1996, eré tẹlifíṣàn náà fi ṣe yẹ̀yẹ́, Worf ní àwọn kì í bá àlejò sọ ọ́. Ní ọdún 2005, Enterprise wá ní àrùn kan ló fà á.

Àlàyé FASA ṣubú lọ́jọ́ náà. Kí ni àwọn tó ti fi í ṣeré láti ọdún 1983 pàdánù? Kò sí. Ìtàn tiwọn ti wáyé, wọ́n ti rẹ́rìn-ín, wọ́n ti jà, wọ́n ti ṣẹ́gun. Àlàyé wúlò bó bá fún àwọn olùkópa ní ohun tí wọ́n lè ṣe. Bí kò bá ju ká lè fi dá ẹnì kan lóhùn, ìdákẹ́ sàn jù ú lọ.

Ìkẹrin ló dùn jù: kó sọ ìtakora náà di eré. Nínú Doctor Who, ìgbà mẹ́ta ni ìlú Atlantis parun. The Underwater Menace ní ọdún 1967 ní tirẹ̀. Nínú The Dæmons ní ọdún 1971, ẹ̀dá kan ní ẹ̀yà òun ló pa á run. Ní ọdún 1972, The Time Monster tún pa á run lọ́nà mìíràn. Ẹni tó ń wo tẹlifíṣàn lè bínú. Olùdarí eré tó gbọ́n á béèrè pé: kí ló dé tí ìlú kan fi ń kú lẹ́ẹ̀mẹta? Ṣé ẹnì kan ń jí i dìde ni? Ta ni? Ó ti rí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta nìyẹn, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ wo ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èkó, ọdún 1977

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà dà bí àlá, ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe lè rí ní ibi tí a mọ̀. Doctor Who fúnra rẹ̀ ti wá sí Èkó. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n ṣàfihàn The Story & the Engine, tí Inua Ellams kọ, akéwì àti òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé tí wọ́n bí ní Jos. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Jo Martin, tó ṣe Dókítà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ààyè rẹ̀ nínú ìtàn láti ọdún 2020, yọjú fìrí nínú rẹ̀. Ìtakora tún dé, Èkó ló sì gbà á lálejò.

Tí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ kan ní Ìbàdàn, Cotonou tàbí Accra bá fẹ́ ṣe eré tiwọn ní Èkó, ọdún tó wuyì ni 1977. FESTAC, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Àwọn aṣojú wá láti gbogbo Áfíríkà, láti Brazil, láti Cuba, láti Amẹ́ríkà. Àmì àjọ̀dún náà ni ìbòjú eyín erin Ìyá Ọba Idia ti Benin, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní ọdún 1897. Nàìjíríà ní kí British Museum yá òun lò, wọn kò fún un.

Ẹ wo bí eré ṣe dùn tó níbẹ̀. Kí ló dé tí wọn kò fẹ́ kí ìbòjú náà kúrò ní London? Kí ni UNIT mọ̀ nípa rẹ̀ tí wọn kò sọ? Ìbéèrè kan péré ló kù láti dáhùn nípa Doctor Who: ṣé ọ̀gágun Lethbridge-Stewart ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́? Ẹ mú ọ̀kan. Tó bá wà, òun ló rán yín wá. Tó bá ti fẹ̀yìntì, olùkọ́ àgbàlagbà kan kọ lẹ́tà sí yín pé ọ̀rọ̀ ìbòjú yìí kò jẹ́ kí òun sùn. Méjèèjì dára. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí.

Ibi tí kò ti sí yíyàn

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí nìyí. Ọdún tí ọ̀gágun fẹ̀yìntì, ẹnikẹ́ni lè yàn án torí pé kò sí ọ̀gágun kankan. Èkó ọdún 1977 wà. Òun ni olú ìlú Nàìjíríà nígbà náà. Náírà àti kọ́bọ̀ ni wọ́n ń ná. Kò sí afárá Third Mainland, ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i. Tí olùdarí eré bá ní kí àwọn olùkópa sá gba orí afárá yẹn lọ, àṣìṣe ni, kì í ṣe ìtakora. Ẹni tó bí ọmọ sí Mushin ní ìgbà yẹn sì mọ̀ jù ẹni tó ti wo gbogbo Doctor Who lọ. Nídìí tábìlì bẹ́ẹ̀, ẹni tó rí apá mẹ́ta péré lè di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń bi léèrè.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí FESTAC parí, ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya bo ilé Fẹlá Kútì tó ń jẹ́ Kalakuta, wọ́n lu àwọn ènìyàn, wọ́n sun ilé náà níná. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé òkè. Ó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1978.

Ó dájú pé ẹnì kan nídìí tábìlì yóò ní, "A ní ọkọ̀ tó ń rìn nínú àkókò. Ẹ jẹ́ ká lọ gbà á là."

Eré tẹlifíṣàn náà ní irinṣẹ́ fún èyí. Nínú Father's Day, ní ọdún 2005, Rose gba bàbá rẹ̀ là lọ́wọ́ ikú, ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Nínú The Waters of Mars, ní ọdún 2009, Dókítà ní àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tí a kì í fọwọ́ kàn, torí pé ọ̀pọ̀ nǹkan ló rọ̀ mọ́ wọn. Àmọ́ nínú àìmọye apá mìíràn, Dókítà ń gba àwọn ènìyàn là láì bìkítà. Ìtakora rèé lẹ́ẹ̀kan sí i, èyí sì kọjá eré, torí pé àwọn mọ̀lẹ́bí àwọn tó fara gba nǹkan yẹn ṣì wà láàyè.

Ohun tó tọ́ ni kí olùdarí eré sọ ọ́ kí dáìsì tó kọ́kọ́ yí: ìkú ẹni gidi kì í ṣe ohun tí a ń fi dáìsì mú kúrò. Kalakuta jóná nínú ìtàn yìí. Kì í ṣe pé òfin Time Lord ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ènìyàn mẹ́rin bá fi ọ̀sán Sátidé kan pa á rẹ́ nínú eré, wọ́n á dìde pẹ̀lú ìtùnú tí kò náwó, wọ́n á sì gbàgbé ẹni tó ṣe é. Ohun tí wọ́n lè ṣe pọ̀: wọ́n lè gbé ẹni tó ṣèṣe lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n lè gbé téèpù orin kan jáde nínú iná, wọ́n lè rí ojú ẹni tó pàṣẹ. Eré gidi ni ìyẹn, ó sì fi ọ̀wọ̀ fún òkú.

Ṣé kálukú lè ṣe bó ṣe fẹ́ ni?

Àwọn kan lè ní irú ọ̀rọ̀ yìí yóò ba ìtàn jẹ́: tí tábìlì kọ̀ọ̀kan bá ń yan òótọ́ tirẹ̀, kí ló kù tí a lè pè ní Doctor Who? Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìgbádùn wà nínú kí nǹkan so mọ́ra, kí ohun tí a rí lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn padà ní ìtumọ̀. Ẹni tó fi ọdún púpọ̀ kọ́ ìtàn náà kò yẹ lẹ́ni tí a ń lé sẹ́yìn.

Ìdáhùn ni pé yíyàn kì í ṣe òmìnira láti máa yí ọ̀rọ̀ padà. Tí tábìlì bá ti yan ọ̀kan, ó ti de gbogbo ènìyàn, olùdarí eré pàápàá. Tí ẹ bá ní ọ̀gágun ti fẹ̀yìntì, kò gbọ́dọ̀ yọ pẹ̀lú ìbọn àti ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun ní ọ̀sẹ̀ kẹta torí pé ọwọ́ ọ̀tá ti tó yín. Ohun tí àwọn olùkópa ti ṣe pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn ni ìtàn tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó tako ara rẹ̀. Olùdarí tó ń gbàgbé orúkọ ọmọ tí wọ́n gbà là lọ́sẹ̀ tó kọjá, àmọ́ tó mọ gbogbo ọjọ́ tí eré tẹlifíṣàn jáde, ti gbé ẹrù rẹ̀ sí èjìká tí kò tọ́.

Àwọn Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Àwọn kan ní Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́, pokùn so. Àwọn olùjọsìn rẹ̀ ní ọba kò so, Dúró Ládiípọ̀ sì fi ọ̀rọ̀ wọn sọ orúkọ eré orí ìtàgé rẹ̀. Ìtàn méjèèjì wà láàyè di òní. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan kí òun tó la ẹnu, tó bá sì ti mú un, ó di dandan kó bá a dé òpin.

Ẹni tó mọ ìtàn jù náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di akọ̀wé. Kó tó di pé eré bẹ̀rẹ̀, kó sọ ní gbólóhùn méjì pé, "Ibí yìí, ìtàn sọ báyìí, ibòmíràn, ó sọ tọ̀hún." Àwọn yòókù á mú ọ̀kan. Kó kọ ọ́. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rán tábìlì létí ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí, kì í ṣe ohun tí BBC ṣàfihàn ní ọdún 1983.

Ìwé kan ṣoṣo tó. Kí ọdún tí ìtàn ń ṣẹlẹ̀ wà lórí rẹ̀, bí ẹ bá nílò ọdún. Kí àwọn ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta tí eré yín yóò fọwọ́ kàn wà níbẹ̀, pẹ̀lú èyí tí ẹ mú. Kí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní yí padà wà níbẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ohun tí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣe.

Bí ìwé yẹn bá ti wà láàrin tábìlì, ẹni tó wo eré náà láti ọdún 1963 àti ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti mọ iye kan náà. Ẹ lè ju dáìsì.